Ìpara ojú olówó gọbọi: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó tówó ẹ̀ àti èyí tí ò tó

Òwe tó kó bá mi ni ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo gbé e kúrò nídìí ọbẹ̀, mo gbé e lọ sídìí ìpara ojú, mo ní èyí tó bá wọ́n jù ló máa ṣiṣẹ́ jù, ni mo bá lọ ra sírọ́ọ̀mù fítámì C kan, ìpara olómi tí wọ́n ń kán sójú, ìgò kékeré tó ń dán gbinrin, ó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń kán an bí oògùn ojú, iye tí mo san lé e lórí mi ò lè sọ ọ́ nílé títí dòní. Mo wá ń ṣahun ẹ̀, ẹ̀kán méjì láràárọ̀, kó má baà tètè tán. Oṣù kejì ò tíì pé tí omi inú ẹ̀ tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ fi pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan irin tó dípẹtà, èmi ò mọ nǹkan kan, mo ṣì ń fi pa ojú lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ba fítámì C jẹ́, pé tó bá ti pọ́n báyẹn agbára ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, àti pé inú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá gan-an ni kò yẹ kí wọ́n rọ ọ́ sí. Ìgò tí mo torí ẹ̀ sanwó ló ń ba nǹkan tó wà nínú ẹ̀ jẹ́.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé ṣé àwọn nǹkan ìtọ́jú awọ yìí tówó tí wọ́n ń pè é, màá ní díẹ̀ tó, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò tó, iye tí wọ́n kọ sára páálí sì kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹ mú èyí tó bá yín lára mu.

Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ dúró níwájú dígí kẹ́ ẹ bi ara yín pé kí ni mo fẹ́ kó ṣe fún mi gan-an? Ẹ má sọ pé "kójú mi ṣáà máa dán", ìpara èyíkéyìí tó bá ti lọ́ràá máa mú kójú dán fún wákàtí méjì. Ẹ dárúkọ ẹ̀: irorẹ́ ni, àbí àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀, àbí awọ tó ń gbẹ tó ń fún pinpin téèyàn bá wẹ̀ tán, àbí ìlà tó ń yọ létí ojú. Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹni tí ò bá rí nǹkan kan dárúkọ, tí awọ ẹ̀ ò yún un, tí ò gbẹ, tí nǹkan ò sú u, kó yáa fowó ẹ̀ pamọ́, ohun tó nílò ò ju méjì mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ ta ìṣòro fún yín kí wọ́n tó ta oògùn ẹ̀. Ihò tíńtìntín tó wà nímú gbogbo ọmọ aráyé, wọ́n ti sọ ọ́ di àìsàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ìpara kankan tó lè dí ihò yẹn pa, tó bá tiẹ̀ dí i náà irorẹ́ ló máa fi dá.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀ sórí awọ fúnra ẹ̀, torí téèyàn bá mọ eléyìí, ìdajì ìpolówó ọjà ni kò ní lè tàn án mọ́. Iṣẹ́ awọ ni kó má jẹ́ kí nǹkan ìta wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló wà lókè pátápátá, wọ́n tò léra wọn gbọingbọin, ọ̀rá ló so wọ́n pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń lò tó ọjọ́ 28 kó tó gòkè kó sì bọ́ dànù, bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló sì ń pẹ́ sí i, ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ìpara òun ń fúnni ní awọ tuntun lọ́jọ́ mẹ́ta, irọ́ ni, omi ló kàn mú kí awọ wú díẹ̀ tí ìlà ojú fi sá pamọ́. Lọ́dún 2000 àwọn onímọ̀ méjì kan, Bos àti Meinardi, kọ ọ́ síwèé pé nǹkan tí ìwọ̀n hóró ẹ̀ bá ti ju 500 Dalton lọ (Dalton ni wọ́n fi ń wọn bí hóró tíńtìntín ṣe wúwo tó), agbára káká ló fi máa wọ inú awọ tára ẹ̀ dá. Collagen, èròjà tó ń mú awọ le, tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára ìgò ńkọ́? Ìwọ̀n tiẹ̀ tó nǹkan bí 300,000. Kéèyàn máa ti erin gba ojú fèrèsé ni. Orí awọ ló máa jókòó sí, ó máa mú omi dúró díẹ̀, glycerin tó pọ́ọ́kú ń ṣe iṣẹ́ yẹn náà, ó tiẹ̀ ń ṣe é dáadáa.

Ó yá, ibo lowó máa lọ? Òfin tèmi ni pé nǹkan tẹ́ ẹ máa fomi ṣàn dànù láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má fowó gidi sí i. Ọṣẹ ìfọjú tí wọ́n po fítámì àti òdòdó àti wúrà mọ́, inú gọ́tà ni wúrà ń lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lára ọṣẹ ojú ò ju pé kó kó ìdọ̀tí àti òógùn kúrò kó má sì bá yín jà. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ líle tí wọ́n gé ní ègé-ègé, pH wọn (nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan sí, èyí tó kéré ló kan jù) máa ń tó 9 sí 10, ti awọ sì wà ní nǹkan bíi 5, ìdí nìyẹn tójú fi máa ń fún pinpin lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìmọ́tótó ni bójú ṣe ń fún yẹn, rárá o, awọ ló ń ké. Tí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ pa ọṣẹ dà, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wọ́n. Tónà, omi tí wọ́n fi ń nujú lẹ́yìn ọṣẹ, èmi ti pa á tì. Ìpara abẹ́ ojú ní tiẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpara ojú ilé iṣẹ́ kan náà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe méjèèjì, ẹ óò rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ ìyá ni wọ́n, ìgò ọ̀kan ló kàn kéré tí owó ẹ̀ sì ga.

Ìpara tó ń mú awọ rọ̀ wúlò, mi ò ní purọ́, awọ gbígbẹ máa ń yún, ó máa ń sán, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún wàhálà míì. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: àwọn kan ń fa omi mọ́ra bíi glycerin àti hyaluronic acid, àwọn kan ń dí àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì bíi ceramide, àwọn tó kù ń bo omi mọ́lẹ̀ kó má sá lọ. Nínú àwọn tó ń bo omi mọ́lẹ̀ yìí, Vaseline tí Robert Chesebrough gbàwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1872, ọ̀gá ni títí dòní, gbogbo òróró olówó iyebíye tí wọ́n ń kán sínú ìgò dúdú yẹn ò bá a dé ibì kankan nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó wúwo lójú, òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè fi jáde lọ́sàn-án. Àmọ́ fún awọ tó ti gbẹ gan-an, lálẹ́, kí omi tó gbẹ tán lójú, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ pa á kẹ́ ẹ wò ó. Ìgbà tí ara ṣì lómi díẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa pa ìpara èyíkéyìí, owó ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó máa jẹ́ kí èyí tó pọ́ọ́kú ṣe bí olówó ńlá.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lágbára láti rà, sọ́nskírìn, ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn, ni kẹ́ ẹ rà. Mo mọ̀ pé kì í wù yín gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà pé kì í jẹ́ kójú tètè gbó, ẹ̀rí tiẹ̀ ló fìdí múlẹ̀ jù. Ní ìlú Nambour ní Ọsirélíà, láti 1992 sí 1996, wọ́n pín àwọn èèyàn sọ́nà méjì, wọ́n ní káwọn kan máa pa á lójoojúmọ́, káwọn tó kù máa ṣe bó ṣe wù wọ́n, wọ́n wá yẹ awọ wọn wò níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Èsì tó jáde lọ́dún 2013 lórí àwọn tó lé ní 900 tí ò tíì pé ẹni ọdún 55 ni pé gbígbó awọ àwọn tó ń pa á lójoojúmọ́ fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn yòókù. SPF 15 lásán (SPF ni nọ́ńbà agbára sọ́nskírìn) ni wọ́n fún wọn o, irú èyí táwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ńbà SPF yẹn fúnra ẹ̀ ń tan èèyàn jẹ. Nínú UVB, ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, 15 ń dá nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún dúró, 30 ń dá 97 dúró, 50 ń dá 98 dúró. Ẹ rí i pé láti 30 lọ sókè àfikún tí wọ́n ń tà ò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ohun tó ń pààyàn níbẹ̀ ni ìwọ̀n tá à ń lò. Ojú àti ọrùn fẹ́ tó ìlà gígùn méjì, ọ̀kan lórí ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìka méjì, tẹ́ ẹ bá sì wà níta, wákàtí méjì-méjì lẹ máa tún un pa, òógùn àti omi náà ń kó o lọ. Ẹni tó bá fi ìdá mẹ́rin ìyẹn ra ojú, kò rí nọ́ńbà tó wà lára ìgò yẹn gbà rárá. Ibí gan-an ni olówó gọbọi ti ń ṣàkóbá, torí èyí tó wọ́n lẹ máa ń ṣahun, ẹ ó máa fi kan imú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ ń dà sójú yẹ̀nyẹ̀n fi ìlọ́po ìlọ́po dáa jù ú lọ. Ẹ wo ara ẹ̀ bóyá wọ́n kọ "broad spectrum", kó lè jẹ́ pé ó ń dènà UVA, ìtànṣán oòrùn kejì, náà, torí UVA yìí ló ń wọlé jìn tó ń mú awọ hunjọ.

Ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Òótọ́ ni pé dúdú ara wa ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn ju funfun lọ, àrùn jẹjẹrẹ awọ látọ̀dọ̀ oòrùn ò sì pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n àpá irorẹ́ tí ò lọ ńkọ́? Oòrùn ń rin ín lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe UV nìkan, ìmọ́lẹ̀ lásán tá à ń fojú rí náà ń mú àpá dúdú sí i lára awọ tó dúdú. Sọ́nskírìn tí wọ́n po àwọ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí "iron oxides" lára ẹ̀, ló ń dènà ìyẹn, àǹfààní kejì sì ni pé kò ní sọ ojú yín di ojú ẹni tó ra ẹfun. Kéèyàn máa ra ìpara tó ń pa àpá rẹ́ kó sì máa rìn nínú oòrùn lójú lásán, agbọ̀n ló fi ń pọnmi yẹn.

Lẹ́yìn ọṣẹ, ìpara àti sọ́nskírìn, nǹkan kan ṣoṣo lẹ lè wá fi kún un, ìṣòro tẹ́ ẹ dárúkọ níwájú dígí ló sì máa sọ èyí tó jẹ́. Fún irorẹ́, benzoyl peroxide, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta 10 fún yín, wọ́n ti dán an wò, èyí tó jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣiṣẹ́ tó o láìjó ojú tó bẹ́ẹ̀ (ẹ fi táwẹ́lì funfun nujú, ó máa ń ba àwọ̀ aṣọ jẹ́, èmi ti fi ìrọ̀rí méjì ṣòfò). Salicylic acid ìdá 2 dáa fún orí dúdú-dúdú tó ń há sí imú. Azelaic acid ń bá irorẹ́ àti àpá ẹ̀ jà pa pọ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀, kì í pariwo bí àwọn yòókù. Niacinamide, ìdá 4 tàbí 5 ti tó, èyí tí wọ́n kọ 20 sí lára, ìjà ìgboyà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Fún ìlà ojú, ọ̀rọ̀ ò gùn: ìdílé retinoid ni, àwọn tó tan mọ́ fítámì A. Àgbà ibẹ̀ ni tretinoin, oògùn irorẹ́ ni wọ́n fi í ṣe, ọ̀gbẹ́ni dókítà awọ kan tó ń jẹ́ Albert Kligman ló wà nídìí ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1971, ìgbà tó yá làwọn tó ń lò ó fún irorẹ́ wá ń sọ pé ìlà ojú àwọn ń dínkù. Oògùn àtijọ́ ni, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín, ọ̀pá kan sì máa ń pẹ́ torí ẹ̀ẹ̀kan tó ìwọ̀n hóró ẹ̀wà ti kárí ojú. Retinol tí wọ́n ń tà káàkiri ni àbúrò ẹ̀, ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà kó tó di nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lágbára tó o. Alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ojú máa bó díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ń wá oyún, kó má fọwọ́ kàn án rárá.

Báa ṣe ń ka ara páálí wá kù. Ẹ fi iwájú sílẹ̀, iwájú ni wọ́n ń kọ orin sí, ẹ yí i sẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á máa bọ̀ wá sísàlẹ̀, àmọ́ àwọn tí ò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè tò ó bó ṣe wù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé òdòdó tí wọ́n ya sójú páálí wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn lọ́fíńdà, orúkọ lẹ rà. Lọ́fíńdà fúnra ẹ̀ wà lára ohun tó máa ń sú sí èèyàn lójú jù, awọ tó bá ń tètè bínú kò gbọ́dọ̀ ra alóòórùn. "Dókítà awọ ti dán an wò" ò sọ iye èèyàn tí wọ́n dán an wò lára tàbí ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ẹ pín owó ẹ̀ sí iye mililítà tó wà nínú ẹ̀, ìṣirò tí ò gba ìṣẹ́jú kan, ó máa ń la ojú, ìgò 15 mililítà tó dà bíi pé kò wọ́n yẹn lè jẹ́ òun ló wọ́n jù lórí àtẹ. Ẹ má sì rò pé bàbá ìpara olówó ńlá ò mọ bàbá ìpara pọ́ọ́kú. L'Oréal ló ni Lancôme olówó ńlá, òun náà ló ni Garnier pọ́ọ́kú, òun ló sì ra CeraVe tóun náà pọ́ọ́kú lọ́dún 2017. Estée Lauder tó ni La Mer olówó gọbọi ló ni The Ordinary tó pọ́ọ́kú.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á délé, ẹ má rọ́ ọ sójú. Ẹ pa díẹ̀ síbi ìgbọ̀nwọ́ lápá inú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí kò bá wú, tí kò yún, ẹ gbé e dé ojú. Nǹkan tuntun kan lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan tójú wá sú, ta lẹ fẹ́ mú? Ẹ ya fọ́tò níwájú fèrèsé kan náà, ní aago kan náà, kò sí fítà. Kẹ́ ẹ sì fún un tó ọ̀sẹ̀ 12 tó bá jẹ́ ti àpá tàbí irorẹ́, ti ìlà ojú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ pa sírọ́ọ̀mù tuntun sí apá ọ̀tún ojú nìkan fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tí ò mọ ibi tẹ́ ẹ ń pa á sí wò yín kó sọ èyí tó dáa jù. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀, apá òsì ni wọ́n nà sí.

Àwọn kan wà tí wọn ò tówó kankan, kódà tí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ. Ìpara bíbóra tí ò sí orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é lára ẹ̀. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2013 ti ní kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe é. Ẹ máa ṣọ́ àwọn orúkọ míì tí mẹ́kúrì ń jẹ́, "calomel", "mercurous chloride" tàbí "Hg", tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sí i pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kan wúrà tàbí fàdákà ọwọ́ yín, ẹ sá. Clobetasol àti betamethasone tí wọ́n tún máa ń po mọ́ ìpara bíbóra, sítẹ́rọ́ìdì ni, oògùn líle, wọ́n á mú ojú mọ́ wàì lọ́sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró lojú máa wá gbiná. Hydroquinone tí wọ́n fi ń pa àpá dúdú rẹ́, oògùn dókítà ni, Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tà á láìsí ìwé dókítà mọ́ láti 2020, ẹni tó bá ń dá a pa lọ́dọọdún, ojú ẹ̀ lè wá dúdú kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, irú dúdú tí ò ṣeé fọ̀. Àmì lára tó bá sì ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ìpara, ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn tẹ́ ẹ ti rà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo àwòrán ìgò tó ṣí sílẹ̀ lára wọn, tí wọ́n bá kọ 12M sí i, oṣù 12 ni láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣí i. Sọ́nskírìn tó ti lọ́jọ́ lórí, ẹ sọ ọ́ nù. Ìpara tí ò tíì bàjẹ́ tó kàn ń ṣe yín bákan lójú, ẹ fi pa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kì í bínú bí ojú. Sírọ́ọ̀mù tèmi, mo dà á nù níkẹyìn, mo fọ ìgò ẹ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló wà nínú ẹ̀ báyìí, wọ́n hàn kedere láti ìta.